Ẹni Tó Ń Fọwọ́ Sí I

Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ọmọbìnrin kan tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà lọ kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà tí ọmọbìnrin náà ń tọ́jú, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè mú un lò. Òun ló ń ṣírò bí oògùn yóò ṣe máa kán sínú iṣan aláìsàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ti fi í kọ́lé alárà, síbẹ̀ wọn ò rán ẹyọ ẹnì kan wá bá a tún un ṣe. Òfin ibẹ̀ sì le: àtúnṣe kankan kò gbọdọ̀ wọlé àfi bí ẹlòmíì bá yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì fọwọ́ sí i. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, ṣùgbọ́n látìgbà tí ọ̀gá tó dá ètò náà sílẹ̀ ti kú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù. Ó tọrọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọ̀gá fi ń wọlé síbẹ̀ lọ́wọ́ opó rẹ̀, ó sì ń fi orúkọ òkú fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀: bó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ náà tán, ìfọwọ́sí á ti jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ó rí àṣìṣe kan nínú ètò náà, ó sáré tún un ṣe. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, irú ẹ̀rọ yẹn ni wọn yóò sì so mọ́ ọn. Bí àtúnṣe bá ti wọlé ni ẹ̀rọ yóò gbà á. Ó fẹ́ wọlé lórúkọ ọ̀gá, àfi bó ṣe rí ìdáhùn tó ti wà lábẹ́ orúkọ náà:

“Mi ò fọwọ́ sí i. Ọmọ tí kò wúwo ńkọ́?”

Fáànù ò ṣiṣẹ́, fèrèsé wà ní títì, síbẹ̀ òtútù gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ kọjá. Ó fi ìwọ̀n ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dán àtúnṣe náà wò. Oògùn tó yẹ kó máa kán ń ṣàn bí omi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é. “O ti ṣe é tán? Dókítà ń béèrè.”

“Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i.”

“Ṣebí ìwọ lo ní kọ̀ǹpútà ń bẹ̀rù ẹ.”

“Lónìí, èmi ni mò ń bẹ̀rù ẹ̀.”

Ó tú iṣẹ́ náà palẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì kọ ìkìlọ̀ nípa àwọn ọmọdé sínú ìwé ìtọ́sọ́nà. Kò tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì tí ìdáhùn fi dé: “Ó dáa báyìí.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ tán, ọmọ náà jí láyọ̀.

Ó gba ilé opó lọ, ó sì jẹ́wọ́ ohun tó ń fi orúkọ ọ̀gá ṣe fún un. Obìnrin náà ń gán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọkọ mi náà ṣe bẹ́ẹ̀,” ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Kò rí ẹni bá a wò ó, ló bá fi orúkọ èké fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ẹ̀rọ yẹn náà ni wọ́n so mọ́ ọn. Àṣìṣe rẹ̀ níbẹ̀ ló pa á. Ilé-iṣẹ́ ní nọ́ọ̀sì ló jẹ̀bi, wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò níṣẹ́.”

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa orúkọ wọn rẹ́ níbẹ̀.”

Opó náà gbójú sókè. “Ọjọ́ tá a sin ín ni mo ti pa á rẹ́. Nígbà tí o ò jẹ́ kí n sinmi lórí ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn, mo kàn fún ẹ lọ́rọ̀ kan tó wá sí mi lẹ́nu ni. Kò lè ṣílẹ̀kùn kankan, ọmọ mi.”

Ọmọbìnrin náà ronú kan gbogbo àtúnṣe tó rò pé òun lòun fọwọ́ sí lórúkọ òkú.