Koríko Tó Ń Sùn Lórí Àpáta

"Ìwọ ọmọbìnrin, má fà á tu! Ó ń sùn ni!"

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu Olúbọ̀dé nìyẹn. Ọ̀gbẹlẹ̀ kejì lẹ́yìn tí ogun Dàhọ̀mì sá padà ni. Mo ń sá aṣọ lórí àpáta ní Ìjemọ̀, mo sì ń fa koríko gbígbẹ tu kí n lè ráyè. Gbogbo rẹ̀ ti ká jọ, ó rí bí eérú.

"Koríko tó ti kú ló ń sùn?"

"Kò kú. Òjò ló ń dúró dè. Ẹ̀yin ará Sàró, ẹ ò mọ nǹkan kan!"

Inú bí mi! A ò tíì pé oṣù mẹ́ta tí a ti Sàró dé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, èmi tí mo ní aṣọ mẹ́fà péré, mo wá ń fọṣọ lójoojúmọ́. Kí oṣù tó parí, ó ti sọ mí ní Àjíkẹ́, ó ní Beatrice ń há òun lọ́fun. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára, n ò ní purọ́.

Àmọ́ bàbá mi ti fi mí fún akọ̀wé kan ní Èkó. Bí odò Ògùn bá ti kún, ọkọ̀ ojú omi á gbé mi lọ.

Olúbọ̀dé wá dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá, ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ tí oko òwú ti sọ di líle, wọ́n wo ìdì koríko orí àpáta tó fún mi, tí mo gbé sójú fèrèsé.

"Ọjọ́ tí òkú koríko yìí bá yọ ewé tútù ni wàá fẹ́ ọmọ mi. Mo sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn búra. Á yọ ewé. Omi nìkan ló ń wá," ni Olúbọ̀dé wí.

Ó kù díẹ̀ kí n ta á nípàá. Ta ló ní kó sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n bàbá kàn bú sẹ́rìn-ín ni, wọ́n ti koríko náà mọ́nú àpótí.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Gbogbo ìlú ń bẹ Ọlọ́run kí òjò rọ̀, èmi ń bẹ̀ ẹ́ kó má rọ̀. Òjò rọ̀ náà ni. Ọlọ́kọ̀ ní ọjọ́ karùn-ún la ó gbéra.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ bá mi bomi sí koríko yẹn. Bí kò bá jí, n ò ní sunkún mọ́."

Bí mo bá ní mo gbà pé á jí, irọ́ ni.

Bàbá fúnra wọn gbé e sínú abọ́ omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Ìyá Àgbà, ìyá tó bí wọn. Lọ́jọ́ kìíní, kò mira. Lọ́jọ́ kejì, ewé tó ká jọ nà. Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá Àgbà ké láàárọ̀ kùtù: "Ẹ wá wo nǹkan o!"

Ó ti tutù yọ̀yọ̀ láti ìdí.

"Ẹnì kan ló pààrọ̀ rẹ̀," ni bàbá wí. "Beatrice, di ẹrù rẹ."

Ìyá Àgbà fa abọ́ náà mọ́ra. "Ọmọ mi, nígbà tí wọ́n kó ọ lẹ́rú, wọ́n ní o ti kú. Mo gbà. Mo sin aṣọ rẹ dípò òkú rẹ. Ọdún mẹ́tàlélógún! Lọ́jọ́ tí o gun òkè yìí wá, ta ni mo dì mọ́ra? Ṣé wọ́n pààrọ̀ ìwọ náà ni?"

Bàbá fi apá kóòtù nu ojú, wọ́n dé fìlà, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ. Mo jókòó lórí ẹrù mi.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Olúbọ̀dé ló tẹ̀lé wọn, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mo ti ní kí ọkọ̀ máa lọ," ni bàbá wí. "Beatrice, bu omi fún ọkọ rẹ."