Ojú Abẹ́rẹ́

"Mùsítúrà! Òwú tún ti já o!"

Mùsítúrà sọ búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ó ti rẹ̀ ẹ́. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀ ní Igbó-Elérin, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ìyá náà kò ti rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Mùsítúrà ló ń bá a ki òwú bọ̀ ọ́ kó tó lọ sílé ìwé, àti gbàrà tó bá dé. Bí òwú bá já lẹ́yìn rẹ̀, ìyá á kàn jókòó ti ẹ̀rọ, á máa wo ọ̀nà.

Awò ojú wà ní Ìyànà-Ìbà, kò sì wọ́n. Ìyá ni kò gbà.

"Kí n gbé awò sójú, kí wọ́n máa sọ pé Ìyá Mùsítúrà ò ríran mọ́? Ta ló máa fún mi láṣọ rán? Ìwọ náà ṣáà wà níbí."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àṣejáde ti ìṣirò, aṣọ ìyàwó kan wà lórí ẹ̀rọ, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa wá gbà á. Òwú burúkú ni, ó ń já ṣáá.

"Màámi, mo ti ń pẹ́ o."

"Apá rẹ̀ kan ló kù. Jọ̀ọ́, má fi mí sílẹ̀."

Mùsítúrà wo ojú ìyá rẹ̀, àánú ṣe é, ó jókòó. Ìgbà tó fi máa sáré dé ilé ìwé ní Òkòkòmáìkò, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Ó bẹ̀, ó sunkún, wọn kò ṣí i. Ọdún kan gbáko lọ bẹ́ẹ̀.

Kò bá ìyá rẹ̀ jà, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìjà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba èsì, òwú ló ń kì.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò ìṣirò tún pé, ó wọ aṣọ ilé ìwé, ó na ọwọ́ sí abẹ́rẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Òwú ti wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ, awò lójú. Àpèkẹ́ oníbàárà wọn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Háà, Ìyá Mùsítúrà! Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ awò? Ojú yín ńkọ́?"

"Ó ti bàjẹ́ tipẹ́," ni ìyá dáhùn. "Ojú ọmọ mi ni mo ti ń lò." Ó yíjú sí Mùsítúrà, ṣùgbọ́n kò lè wò ó tààrà. "Máa lọ. Má wẹ̀yìn."

Àpèkẹ́ gbé aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá láti rán, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mùsítúrà sì lọ.

Kò sí ẹni tí kò nílò ìrànlọ́wọ́ ọmọnìkejì. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé gbogbo ara wa lé ẹnì kan, ká rántí pé òun náà ní ibi tó ń lọ.