Ìkíni Tí Hikmat Gé Kúrò

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí mo ti rìn láyé pọ̀ ju kí n máa fi irọ́ najú lọ. Ọ̀fà níbí ló ti ṣẹlẹ̀, ojú ọ̀sán sì ni.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ fíìmù kéékèèké l'Ọ́fà. Ọdọọdún ni Hikmat ń gbé tirẹ̀ lọ, ọdọọdún ni wọ́n ń dá a padà. Tọdún yìí ni àṣekágbá. Bàbá rẹ̀, Alhaji Ìdrís, ti ní bí wọn ò bá tún gbà á, kó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, kó wá jókòó ti ìsọ̀ aṣọ.

Tésàn rélùwéè ló ti lọ ya fíìmù náà. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Òun àti Kabir ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni bàbá arúgbó kan kí wọn láti orí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọn ò dáhùn. Bí kámẹ́rà bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu dídì ni. Bí o bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ á wọ inú fíìmù. Nígbà tí wọ́n parí, tí Hikmat ní kóun lọ bẹ̀ ẹ́, bẹ́ǹṣì ti ṣófo.

Ó gé ìkíni náà kúrò, kí fíìmù má baà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òfin wí. Ó fi ránṣẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí, olórí ayẹyẹ, pè é lórí fóònù. "Hikmat, ó tún ti gùn jù. Kí ni bàbá yẹn ń ṣe níbẹ̀?"

"Bàbá wo, sà?"

"Èyí tó ń kí wa."

Ó tún un gé. Bàbá padà. Kabir náà gé e. Bàbá padà, ohùn rẹ̀ sì ti sún mọ́ etí sí i. Kò sí atẹ́gùn lẹ́yìn ohùn náà, kò sí ẹyẹ, kò sí ọ̀kadà. Hikmat gbá tábìlì.

"Kabir, ṣé ò ń fi mí ṣeré ni?"

"Èmi kẹ̀? Ṣé ohùn arúgbó lo gbọ́ lẹ́nu mi rí?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ká kúkú dá a lóhùn."

"Máa dá a lóhùn, ìwọ. A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí."

Ó ku ọ̀la kí ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀, Ọlábámijí tún pè. "Ó dáa, gbé e wá bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ́ràn bàbá yẹn."

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti fa kọ́tìnì bo oòrùn. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn níta. Fíìmù Hikmat bẹ̀rẹ̀, bàbá yọ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ta ló máa gbọ́ ìkíni àgbà, tí á panu mọ́? Ẹ̀rín sọ. Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn: "Óò! Ẹ ṣeun o, bàbá!" Ohùn Alhaji Ìdrís ló ròkè jù. Hikmat nìkan ni ò lanu.

Bàbá náà mi orí. Hikmat àti Kabir ò ya ìyẹn. Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà títí aṣọ rẹ̀ fi bo gbogbo àwòrán. Fíìmù parí.

Àtẹ́wọ́ bú. Alhaji dìde dúró. "Ọmọ mi nìyẹn!" Ọ̀rọ̀ tí Hikmat ti ń retí láti ọdún pípẹ́ wá. Kò lè rẹ́rìn-ín.

Jẹnẹrétọ̀ kú.

Ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn, lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìjókòó o."

Àtẹ́wọ́ dá. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Alhaji rọra jókòó, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Hikmat, ṣé fíìmù ẹ ò tíì parí ni?"

Hikmat wo iwájú. Aṣọ funfun ara ògiri tí fíìmù ti ń yọ ti ṣófo. Àga tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, tí ẹnì kankan ò jókòó sí, dún bí àga tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí lé.