Ta Ló Jẹ Ẹran Mujeebat?

Yàkúbù ń ta páìpù omi ní ọjà Sabon Gari, ní Zaria. Bàbá rẹ̀ ló ti Ìlọrin wá síbẹ̀. Yàkúbù mọ páìpù. Ó sì gbà pé ẹni tó bá ti mọ páìpù, kò sí ohun tó kù fún un láti mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Mujeebat, rí kókó kan nínú ọmú rẹ̀. Kò dùn ún. Wọ́n lọ sí ọsibítù. Wọ́n bu díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹjẹrẹ ni.

Dókítà bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní àwọn yóò kọ́kọ́ fa oògùn sí Mujeebat lára kí kókó náà lè súnkì. Iṣẹ́ abẹ yóò tẹ̀ lé e. Ó ní irú kókó bẹ́ẹ̀ máa ń ránṣẹ́ sí ara pé kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù wá sọ́dọ̀ òun. Inú iṣan yẹn ni oúnjẹ rẹ̀ ń gbà dé.

Dókítà ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Yàkúbù ò gbọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ páìpù.

Nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé wọn lọ sílé, ó fọwọ́ lu itan.

"Kai! Ìyá Hassanat, mo ti mọ ohun tá a máa ṣe."

"Kí ni?"

"Kókó yẹn ń jí omi fà ni. Tá a bá dí páìpù ńlá, kò ní rí nǹkan kan fà mọ́. Á gbẹ."

"Níbo ni páìpù ńlá tèmi wà?"

"Ẹnu rẹ."

Láti ọjọ́ náà, ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kò wọ ẹnu Mujeebat mọ́. Kò sí ẹran, kò sí ẹyin, kò sí ẹ̀wà, kò sí ewé zogale tí wọ́n ń pè ní moringa. Kí ó má baà ṣe àṣìṣe, Yàkúbù tún ka gbogbo ohun pupa léèwọ̀: tòmátò, epo, zobo. Ó wá ku tuwo ìrẹsì, kunu funfun àti omi.

Mujeebat wo àwo rẹ̀. "Bàbá Hassanat, gbogbo oúnjẹ mi ló ti wọ aṣọ òkú."

"Ṣe sùúrù. Kókó lebi ń pa."

"Èmi náà ńkọ́?"

"Ìwọ máa ṣàdúà."

Ọmọ wọn, Hassanat, tó wà nílé ọkọ ní Danmagaji, dín ẹ̀dọ̀ màlúù wá fún ìyá rẹ̀. Yàkúbù gbà á lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ṣé kí n gbé e padà ni?"

"Haba! Kí ọmọ gbé oúnjẹ wá ká ní kó gbé e padà? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹran Mujeebat ti wà nínú ìkòkò, kò sì yẹ kí ó bàjẹ́. Yàkúbù ń jẹ tirẹ̀, ó sì ń jẹ ti ìyàwó rẹ̀. Ó ń mí kanlẹ̀ bó ti ń jẹ ẹ́, bí ẹni tó gbé ẹrù.

Fàtíù tó ń ta ọ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù kejì wò ó títí.

"Alhaji, ìyàwó rẹ ló ń ṣàìsàn, ìwọ lò ń sanra. Irú àìsàn wo nìyí? Bá mi béèrè bóyá ó kù."

"Ìyàwó mi ni mò ń tọ́jú."

"Ó hàn nínú ikùn rẹ."

Nílé, Mujeebat ò rẹ́rìn-ín. Tó bá dìde, òòyì a kọ́ ọ. Tó bá fẹ́ gbálẹ̀, a jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ oògùn pé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Iredọlá, ọmọ Kàbà, gba ẹ̀jẹ̀ Mujeebat fún àyẹ̀wò. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ le.

"Ìyá, a ò lè fún yín ní oògùn lónìí. Ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀ gan-an. Oògùn yìí lágbára. Ara yín ò lè gbé e báyìí."

Yàkúbù gbọ́wọ́ sókè. "Alhamdulillahi! Ó ti ń ṣiṣẹ́!"

"Kí ló ń ṣiṣẹ́, Bàbá?"

Yàkúbù ṣàlàyé. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe páìpù. Gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí i, wọ́n ń gbọ́.

Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Bàbá, dókítà fọwọ́ kan kókó náà láàárọ̀ yìí. Kò gbẹ. Ó tún tóbi sí i."

Omi dà lójú Mujeebat. Ọwọ́ Yàkúbù bọ́ sílẹ̀.

"Ẹran tí Ìyá ò jẹ," ni nọ́ọ̀sì wí, "ta ló jẹ ẹ́?"

Yàkúbù ń wo ilẹ̀. Mujeebat fi ẹnu júwe rẹ̀.

"Ebi wọ ilé yín, Ìyá rù. Ta ló sanra?"

Ẹ̀rín sọ lórí bẹ́ǹṣì. Yàkúbù wo ikùn ara rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé jẹjẹrẹ lẹ̀ ń pè mí?"

"Rárá o, Bàbá. Bí ẹ ṣe ń jẹun ló jọ tirẹ̀."

Mujeebat rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú.

Nọ́ọ̀sì jókòó tì wọ́n. "Òótọ́ ni dókítà sọ, ẹ ò kàn dúró gbọ́ èyí tó kù. Kókó náà ti fa iṣan tirẹ̀ mọ́ ara Ìyá. Bí Ìyá bá ń gbààwẹ̀, kókó kì í bá wọn gbà á. Ara Ìyá ló ń rù. Iṣan yẹn kan náà ni jẹjẹrẹ máa ń gbà lọ sí eegun, sí ẹ̀dọ̀, sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí tá ò fi fẹ́ kí ọjọ́ máa lọ nìyẹn."

"Kò wá sí ohun tó lè dí i?" ni Yàkúbù bi í.

"Oògùn wà tó ń dí irú iṣan bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláìsàn kan. Dókítà ló mọ ẹni tó yẹ kó lò ó. Ebi kì í ṣe oògùn rẹ̀. Fífa ẹ̀jẹ̀ dànù náà kì í ṣe oògùn rẹ̀."

Yàkúbù wúkọ́. "Mo ti bá wanzam, onígbàjámọ̀ àdúgbò wa, sọ̀rọ̀. Ọ̀la ló ń bọ̀ wá fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ta?" Mujeebat dìde, ó tún jókòó. "Èyí tó kù yìí?"

"Ẹ pè é kó má wá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bàbá, ibi tí ẹ̀jẹ̀ tiyín máa wúlò sí wà níbí. A máa fa ẹ̀jẹ̀ sí Ìyá lára. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú ẹbí fi tirẹ̀ sílẹ̀."

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Yàkúbù wò. Ó mọ́, ó pọ̀, ó sì bá ti ìyàwó rẹ̀ mu. Ó na apá, ó di ojú, ó ń pe Ọlọ́run kí abẹ́rẹ́ tó kàn án.

Nígbà tí wọ́n gbé àpò ẹ̀jẹ̀ náà kọjá, Mujeebat nàka sí i. "Ẹ rọra gbé e o. Ẹ̀dọ̀ tí Hassanat dín wà nínú ẹ̀."

Mujeebat jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gòkè, wọ́n fa oògùn àkọ́kọ́ sí i. Bí wọ́n ti ń fà á lọ, kókó náà bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un báyìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ máa fọwọ́ yẹ ọmú yín wò lóṣooṣù, lẹ́yìn nǹkan oṣù. Bí ẹ bá rí kókó, tàbí awọ tó ń fà wọnú, tàbí omi tó ń jáde lórí ọmú, ẹ lọ sí ọsibítù. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, àyẹ̀wò ló ń fi hàn. Pé kò dunni kò túmọ̀ sí pé kò léwu. Ọkùnrin náà lè ní in.

Bí jẹjẹrẹ bá ni, ẹ má fi ebi pa aláìsàn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù. Ẹ bi dókítà ohun tó yẹ kó jẹ. Bí wọ́n bá nílò ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le kí ó fi sílẹ̀.

Kókó kì í dúró de ẹnì kan. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ lọ.