Bàbá Ti Gbàgbé Orúkọ Ẹja

Rasidat nìyí. Lọ́jọ́ Àlàmísì yìí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ọ̀.

Ní gbogbo Kùtọnu, kò sẹ́ni tó ń jowú tó Rasidat o! Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi Ràzáàkì, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń pè ní Tọ́ntọ́n, ọmọkùnrin tó rẹwà jù láti Ganhi títí dé Kalafi.

Kí ló dé tó fi ń jowú? Ẹ fara balẹ̀.

Rasidat ní bàbá àgbà kan. Àwọn ló bí mi, àwọn náà ló bí ìyá rẹ̀. Apẹja ni Bàbá. Ọdẹ ni Bàbá. Ilé kì í gbà wọ́n! Kí oòrùn tó yọ, Bàbá ti wà lórí ọ̀sà.

Ta ló máa ń jókòó síwájú ọkọ̀ Bàbá? Rasidat ni! Kò sí ẹlòmíràn.

Ṣàwà, ṣàwà, àjẹ̀ ń wọ omi. Ṣàwà, ṣàwà, ọkọ̀ ń lọ.

Nígbà òjò, Bàbá kú. A gbé wọn lọ sin sí Ṣakété. Gbogbo wa la sunkún. Omijé tèmi nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọ̀sà.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Rasidat gbọ́ ariwo nínú ilé.

"Bàbá ti dé o! Bàbá ti padà dé!"

Rasidat sáré. Pá, pá, pá! Bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò dúró mú un.

"Bàbá dà? Ọkọ̀ wọn dà?"

Màámá, ìyá rẹ̀, ló ti ọsibítù dé. Ó gbé ọmọ tuntun kan lọ́wọ́. Ọmọ náà pupa fòò. Kò ní eyín kankan.

"Babátúndé nìyí, àbúrò rẹ. Ó yá, kí Bàbá káàbọ̀."

"Èyí?" ni Rasidat wí.

"Wàá!" ni ọmọ náà wí.

Láti ọjọ́ náà, ó di Bàbá, Bàbá, Bàbá!

Ta ló wà lórí ẹsẹ̀ Màámá? Bàbá. Ta ni wọ́n ń kúnlẹ̀ kí? Bàbá. Ta ló tọ̀ sára gbogbo ènìyàn, tẹ́nikẹ́ni ò bá a wí? Bàbá!

Rasidat ò pè é ní Bàbá. "Ìwọ" ló ń pè é.

"Ẹ̀yin ni o máa sọ, Rasidat!" ni Màámá wí. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Ṣé òun fúnra ẹ̀ tiẹ̀ mọ̀ pé òun ni Bàbá?"

Owú há a lọ́fun bí egungun ẹja.

Lọ́jọ́ Àlàmísì yìí, owú náà pọ̀ jù. Rasidat dìde lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé. Ó lọ bá ọmọ náà lórí ẹní.

"Tó bá jẹ́ pé ìwọ ni Bàbá lóòótọ́, màá mọ̀."

Ó mú ẹja epìà kan wá láti ilé ìdáná. "Ẹja wo nìyí?"

Ọmọ náà sín. Hàtíṣì!

Ó wọ́ àjẹ̀ wá. "Kí la fi ń ṣe?"

Ọmọ náà yán. Háà!

"Oríkì mi ńkọ́? Bàbá máa ń pè é lórí omi. Pè é!"

Ọmọ náà tọ̀. Ṣììì! Aṣọ Rasidat rin gbindin.

"Irọ́ ni! Èyí kọ́ ni Bàbá! Bàbá mi ni mo fẹ́!"

Rasidat bú sẹ́kún. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Hẹ̀n! Wàá! Hẹ̀n! Wàá!

Ìyá wọn sáré dé. Èmi náà sáré dé. Màámá kó àwọn méjèèjì mọ́ra.

"Rasidat mi, ibi tó ti wá jìn. Ẹni tó bá rin ọ̀nà yẹn, á gbàgbé nǹkan."

"Ó gbàgbé ẹja?"

"Ó gbàgbé."

"Ó gbàgbé ọ̀sà?"

"Ó gbàgbé."

"Ó gbàgbé èmi náà?"

Màámá nu omijé rẹ̀ nù. "Ó gbàgbé. Àfi kẹ́nìkan sọ fún un."

"Ẹ sọ fún un, Màámá!"

"Èmi tómi ń bà lẹ́rù? Mi ò wọ ọkọ̀ Bàbá rí."

Ni mo bá wúkọ́. Ẹ̀hẹ̀m! "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Bàbá, ẹ gbọ́! Lọ́jọ́ kan, ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú ẹja tó tóbi ju bọ́ọ̀sì lọ! Ọ̀nì rí yín, ó sá gun igi!"

"Tọ́ntọ́n, irọ́ ni!"

"Irọ́ báwo?"

"Ẹja yẹn ò gùn tó apá mi! Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni? Èmi ni mo di àwọ̀n mú!"

"Ṣé ó tiẹ̀ tóbi díẹ̀…"

"Bíńtín ni! Bàbá wò ó, wọ́n ní, 'Lọ dàgbà ná.' Wọ́n sọ ọ́ padà sómi. Púló!"

Ọmọ náà dákẹ́. Ó ń wo ẹnu Rasidat.

Rasidat náà wò ó. Ó wo ojú bíńtín. Ó wo ọwọ́ bíńtín. Ó sún mọ́ ọn.

"Bàbá," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ máa ń kí omi kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ máa ń gbọ́ òórùn òjò kí òjò tó dé. Tí ẹ bá pa ọ̀yà nígbó Kalafi, ẹ máa ń fún mi lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, akàn kan di yín nímú mú. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. Jìgì, jìgì!"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu tí kò léyín, ó là á gbàràgà!

"Ó ku ti ọ̀nì," ni mo wí.

"Tọ́ntọ́n, ẹ jókòó. Kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ."

Mo jókòó. Owú wá mú èmi náà o! Ọmọ náà ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Ojú rẹ̀ ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Màámá rọra sọ̀rọ̀. "Rasidat, tó bá jí, ó lè tún ti gbàgbé o."

Rasidat fi ọwọ́ pa á lórí.

"Ẹ sùn, Bàbá. Èmi ò gbàgbé. Tí ẹ bá gbàgbé, màá tún sọ ọ́ fún yín."