Ta Ló Bọ́ Róbó Pa?

Òkú Róbó ni wọ́n jí bá láàárọ̀ Jímọ̀. Ó nà gbalaja sínú àgò, ó sanra, irun ara rẹ̀ ń dán. Hámísítà ni, eku roboto kan tí Ọmọ́táyọ̀, ọmọ ọdún méjìlá, ń sìn nílé wọn ní Òjòwò. Tíntín, èkejì rẹ̀, ṣì wà láàyè, àmọ́ omi ló ń mu ṣáá.

"Ìwọ lo bọ́ ọ yó pa," ni Asimawu, ìyá ọmọ náà, wí. "Tíntín ń kúrò nílé yìí lónìí."

Ọmọ náà sunkún lọ bá Abibat, aládùúgbò wọn tó ń tọ́jú ẹranko ìwádìí ní yunifásítì Àgó-Ìwòyè. Abibat kì í fi ẹran ọ̀sìn ṣeré; ó bá a padà sílé wọn. Kó tó jókòó ló ti gbé òkú náà sórí òṣùwọ̀n.

"Ọgọ́ta gíráàmù! Kò yẹ kó ju ogójì lọ."

"Ṣíbí kan péré ni mò ń fún wọn lóòjọ́, àǹtí. Ẹ wo ìwé mi."

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ọmọ náà ń wọ̀n wọ́n. Oṣù méjì ni ìwọ̀n wọn fi ń gòkè. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló wálẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó wálẹ̀ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Asimawu dáhùn. "Màmá mi lọ sí Àbígí. Èmi àti Sùrájù wà nílé."

Sùrájù, àbúrò rẹ̀, yínmú. "Eku leku ń jẹ́. Ká ní mo fẹ́ pa á ni, ṣé oògùn eku wọ́n lọ́jà ni? Ta ló fẹ́ máa bọ́ ọ?"

Abibat tú èérún igi inú àgò, nítorí hámísítà a máa tọ́jú oúnjẹ pa mọ́. Ó rí nǹkan pupa rúsúrúsú tó lẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Dàbínù. Ṣúgà ló pa á. Òun náà ló ń mú kí òùngbẹ gbẹ Tíntín."

Ó ṣíwájú wọn wọ yàrá lọ kí Àlájà Nimotalahi, ìyá Asimawu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìkírun wọn ni abọ́ kan wà, kóró dàbínù kún inú rẹ̀.

Asimawu figbe ta. "Màmá! Pẹ̀lú àtọ̀gbẹ yín?"

"Rọra. Mú ìwé àyẹ̀wò wọn wá." Abibat ṣí i. Oṣù méjì gbáko ni ṣúgà ara Àlájà fi ń wálẹ̀. "Ẹni tó ń jẹ dàbínù tó báyìí, ṣúgà rẹ̀ kò ní wálẹ̀. Kóró wà níbí. Àlájà, ta ló jẹ ìyókù?"

Àlájà sorí kọ́.

"Èmi ni mo kó o fún àwọn eku. Bí Ọmọ́táyọ̀ bá ti lọ síléèwé, màá já a wẹ́wẹ́ fún wọn. Kóró Mẹ́kà kì í ṣe ohun à ń dà nù, ni mo ṣe tọ́jú ẹ̀. Wọ́n ń wọ̀n mí, wọ́n ń wọ̀n wọ́n. Ṣíbí ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ mi, ṣíbí ni wọ́n fi ń bu tiwọn. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń bi mí léèrè àìsàn tó gbẹ mí báyìí. Àánú àwọn eku náà ṣe mí. Mo ní kí ẹnì kan ṣáà jẹun yó nílé yìí."

"Màmá àgbà, ẹ̀yin lẹ pa Róbó."

"Èmi ni, ọkọ mi. Mi ò mọ̀."

Ojú ti Asimawu. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Tíntín lè yè é," ni Abibat wí, "bí ohun dídùn kò bá tún kan ẹnu rẹ̀. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ lọ́sàn-án?"

"Èmi," ni Àlájà wí.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Tíntín ti fi gíráàmù méjì dín. Ọmọ́táyọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ orúkọ Àlájà sókè rẹ̀.

"Ó kàn yín, màmá àgbà."

Àlájà bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n gun òṣùwọ̀n ńlá tiwọn.