Ibà Kédárì Tí Kò Gbóná

"Dádì! Òkè ń jóná!"

Birdie ló kígbe bẹ́ẹ̀ lójú fèrèsé. Lalia, ìyá rẹ̀, ju tòtíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó ń yí lórí iná, sílẹ̀, ó sáré wá dúró lẹ́yìn ọmọ.

Atẹ́gùn tútù ti fẹ́ wá láti àríwá lóru. Ní báyìí tí oòrùn ti yọ, gbogbo igi kédárì tó bo òkè náà ló ń tú èéfín, èéfín aláwọ̀ wúrà. Ó ń rú láti orí igi kan dé orí èkejì, ó ń yí, ó ń tàn yanran nínú oòrùn, àfi bí ẹni pé òkè náà ń mí. Láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀ ni Lalia ti ń gbé lórí àwọn òkè Texas yìí, síbẹ̀ tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá ti dé, ẹnu rẹ̀ á tún yà sílẹ̀ gbàgà.

"Iná kọ́, ẹyẹ mi," ni Royce, bàbá ọmọ náà wí, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. "Kédárì ló ń tú àtíkè òdòdó rẹ̀. Àwọn ará ìlú ńlá nìkan ló máa ń pe panápaná sí i."

"Ó mà rẹwà o," ni Birdie wí. Ó sín, ó tún sín, ikọ́ sì gbà á.

Igi kédárì ni Royce Teague ń gé. Òpó ọgbà ló fi ń ṣe fún àwọn tó ń sin màlúù, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Òórùn igi náà lára ẹ̀wù rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú Lalia lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jọ jó. Lójú tirẹ̀, kò sí lọ́fínńdà tó lè bá a dọ́gba. Títí di òní, tó bá gbúròó ọkọ̀ Royce nírọ̀lẹ́, àyà rẹ̀ ṣì máa ń lù kìkì bíi ti omidan.

Ṣùgbọ́n Birdie ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Á sáré, á fò mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, á ki imú bọ àyà ẹ̀wù rẹ̀. Àtíkè wúrà á sì máa dà sí i lórí. Tó bá di òru, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe rí lésìí nìyẹn, bó ṣe rí lọ́dún tó ṣáájú.

Màmá Wilda, ìyá Royce, kò kà á sí. "Ibà kédárì ni. Ta ni kì í ṣe lórí òkè yìí? Bàbá ọkọ rẹ máa ń sín débi pé fìlà rẹ̀ á fò lọ. Fún un ní oyin, ibà náà á lọ."

"Màmá, ìkòkò oyin kejì rèé."

"Fún un ní ẹ̀kẹta nígbà náà. Tí kò bá wò ó sàn, ó ṣáà dùn lẹ́nu."

Oògùn olómi tí Lalia rà ní ṣọ́ọ̀bù kàn ń mú kí ọmọ náà máa sùn lórí àga ní kíláàsì ni. Ohun tó wá ń dun ìyá jù ni pé Birdie, tó máa ń bá àwọn ewúrẹ́ wọn rojọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ mọ́ kó má dúró wá èémí.

Lọ́jọ́ kan, Ottilie, nọ́ọ̀sì iléèwé, pe Lalia. Nígbà tó fi débẹ̀, Birdie ti jókòó sórí ibùsùn, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Eré ló ń sá tó fi jókòó lójijì," ni Nọ́ọ̀sì Ottilie wí. "Mo fetí sí àyà rẹ̀. Ó ń súfèé. Ó ti ń rọlẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n mo ti pe dókítà yín. Ó ní kí ẹ máa gbé e bọ̀ tààrà."

"Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Ibà kédárì lásán ni."

Nọ́ọ̀sì fi ohun èlò tí wọ́n fi ń wo ibà sábẹ́ ahọ́n Birdie. Lẹ́yìn náà ló nà án sí Lalia.

"Ibà ọ̀hún dà?"

Lalia wò ó. Ara ọmọ náà kò gbóná rárá.

"Orúkọ yẹn ló ń tàn wá jẹ, Ìyá Birdie. Ibà máa ń wá, ó máa ń lọ. Eléyìí, ara ọmọ yín ló ń bá àtíkè igi jà, ìjà náà sì ti kúrò ní imú, ó ti wọ àyà. Ṣé ó máa ń wúkọ́ lóru?"

"Lálaalẹ́."

"Oògùn ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Oorun nìkan ló ń fún un."

"Tó bá jẹ́ imú tó ń ṣomi àti ojú tó ń yún ni, tí oògùn sì ń ká a, ẹ̀yin àti dókítà yín tó láti tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí àyà rẹ̀ ń súfèé gbọ́dọ̀ rí dókítà àlẹ́jì, ẹni tó mọ̀ nípa ohun tí ara ń bá jà."

Dókítà wọn fún Birdie ní oògùn tí wọ́n ń fi ẹnu fà sínú àyà, ohun kan náà ló sì sọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Royce ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Tí wọ́n bá ní kédárì ni ńkọ́, Lalia? Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀?"

"Tí wọn ò bá sọ fún wa ńkọ́, Royce? Ta ló máa bá àwọn ewúrẹ́ rojọ́?"

Royce sún àga mọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "À ń lọ."

Ní ìlú San Antonio, dókítà àlẹ́jì, Dókítà Sepúlveda, obìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù, kán omi oríṣiríṣi sí awọ ẹ̀yìn Birdie: ti koríko, ti ológbò, ti eruku, ti kédárì. Ó fi abẹ́rẹ́ tí kò dun èèyàn gún ojú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà díẹ̀. Dókítà ti ní kí wọ́n dá oògùn ṣọ́ọ̀bù dúró ṣáájú, kó má baà pa àyẹ̀wò náà lẹ́nu mọ́.

Wọ́n dúró. Lójú wọn níbẹ̀, ibi tí wọ́n kán kédárì sí bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó funfun, ó rí roboto, òrùka pupa sì yí i ká. Àwọn yòókù dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ibẹ̀ yẹn ló ń yún mi!" ni Birdie kígbe.

Lalia fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo òkè tó ń rú èéfín wúrà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti wọ inú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, ara ọmọ rẹ̀ sì dá a mọ̀ yàtọ̀! Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rù tó máa ń mú èèyàn fẹ́ kúnlẹ̀ ni.

Dókítà ní kí Birdie fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá kan. Ó wo èsì rẹ̀. "Ikọ́ fée ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó dára bí ẹ ṣe gbé e wá. Ta ló máa ń sún mọ́ ọn, tó ń ti inú igbó kédárì bọ̀?"

"Dádì mi," ni Birdie dáhùn tayọ̀tayọ̀. "Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dì mọ́ ọn!"

Ojú Royce yí padà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Èmi ni mo ń gbé e wá fún un," ló wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀wù yín ló ń gbé e wá, Bàbá Birdie. Ẹ bọ́ ọ síta, ẹ wẹ̀, ẹ fọ irun. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dì mọ́ ọn tẹ́rùn. Ẹ máa ti fèrèsé pa lásìkò kédárì. Lọ́dún tó ń bọ̀, oògùn rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ kí àtíkè tó tú. Tó bá sì yẹ bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ wà tó lè máa kọ́ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún ọdún mélòó kan, pé kó má bá kédárì jà mọ́."

"Wọ́n lè kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́?" ni Lalia bi í, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ara ọmọ máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ gan-an."

Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, àṣà mìíràn ti wọ ilé Teague. Tí ọkọ̀ bá dé, Birdie á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì, á fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Royce á fi tirẹ̀ lé òdìkejì, á sì gba ẹ̀yìn lọ síbi ìwẹ̀ tó fi pákó kàn.

"Ìfẹ́ yìí mà tutù o!" ló máa ń ké lábẹ́ omi.

"Fọ etí ẹ náà!" ni Màmá Wilda á dáhùn, aṣọ ìnura tó ti yá nídìí iná lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá ẹ ò fọ ọ́ rí láyé ẹ̀!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Royce jáde, omi ń kán nírun rẹ̀, eyín rẹ̀ ń gbọ̀n kẹ́kẹ́. Birdie fò mọ́ ọn. "Dádì, ewúrẹ́ funfun yẹn ti jẹ ìbọ̀sẹ̀ rẹ kan ó sì ń wo èkejì mo wá sọ fún un pé kó dúró dè ẹ́!"

Kò dúró wá èémí rárá. Royce gbójú sókè wo Lalia, omijé sì dà lójú àwọn méjèèjì. Òórùn ọṣẹ nìkan ló kù lára Royce báyìí. Lalia sún mọ́ ọn, òun náà dì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin òbí, bí imú ọmọ yín bá ń ṣomi lásìkò òdòdó, ẹ lọ bi dókítà yín léèrè oògùn tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, ẹ má sì fún un kọjá ìwọ̀n. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá. Ṣùgbọ́n bí oògùn kò bá ká a, tàbí tó ń mú un sùn níbi tó yẹ kó ti kàwé, bí ikọ́ kò bá jẹ́ kó sùn lóru, bí àyà rẹ̀ bá ń súfèé tàbí tí eré kékeré ń gba èémí rẹ̀, tàbí bí etí tàbí imú bá ń dùn ún lemọ́lemọ́ lọ́dọọdún, ẹ ní kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí dókítà àlẹ́jì. Bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, tí egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, tàbí tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má jókòó ti ọmọ, kí ẹ máa retí kí ibà tí kì í ṣe ibà lọ. Ẹ sì wẹ̀ kí ẹ tó dì mọ́ ọn.